Sẹ́lò Tí Ọṣẹ Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tí ó fi sẹ́lò ṣe iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, o ti sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ tán, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Nítorí náà, fara balẹ̀ kí o gbọ́ tèmi. Kò gùn púpọ̀, kò sì dùn.

Bí o kò bá mọ sẹ́lò, rántí gòjé. Òun náà ní okùn, ọ̀pá tí wọ́n na irun ìrù ẹṣin mọ́ ni wọ́n sì fi ń fà á kí ó tó dún. Ṣùgbọ́n sẹ́lò tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ń ta á máa ń jókòó sórí àga ni, á gbé e sí àárín orúnkún méjèèjì, á sì fi ọrùn rẹ̀ ti èjìká bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ ohùn àgbà ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi í ta.

Nǹkan kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ọ. Irun ẹṣin yẹn kì í dá dún. Oje igi kan wà tó ti gbẹ, tó le bí òkúta, rósìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n máa ń fi ra irun náà kí ó lè di okùn mú. Bí kò bá sí rósìnì lára irun, o lè fà á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, okùn kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Ọ̀dọ́ ni ọkùnrin tí mò ń sọ. Ọwọ́ ìyá arúgbó kan ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá yìí ti kọ́ orin nílùú òyìnbó nígbà èwe rẹ̀, ó gbé sẹ́lò kan padà wálé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ jọ, kò lè ta nǹkan kan mọ́. Ẹnu ni ó fi ń kọ́ ọmọ náà. Á kọ orin lẹ́nu, ọmọ náà á kọ ọ́ tẹ̀lé e, wọn á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dá ìyá náà lójú, kí ó tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan sẹ́lò. Bí ọmọ náà bá kánjú gbé ọ̀pá, Màmá á fi igi tí ó fi ń rìn gbá ẹsẹ̀ àga rẹ̀. Ìyá líle ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó yin ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà pé ogún ọdún, ó gbé sẹ́lò tirẹ̀ fún un, ó ní òun kò fẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Ó fún un ní nǹkan mìíràn pẹ̀lú, èyí tó wúwo ju sẹ́lò lọ. Màmá yìí bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ibà sì pa ọmọ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Wọ́n ní kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó gbé sẹ́lò wọ yàrá lọ, nígbà tó fi máa jáde, orin kan ti wà. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Kò gùn ju ìrìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi tí wọ́n ti ń sin òkú lọ. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ní àárín rẹ̀ á yà síbi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò retí, lẹ́yìn náà á sọ̀kalẹ̀, á sì dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ orin. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ tí òun ti sin lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní tún un sin sínú ìwé. Agídí ni, mo gbà. Ó gbàgbọ́ pé ohun tí a bá fi sínú èèyàn kò lè sọ nù, àti pé inú ìwé ni nǹkan ti máa ń kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí nìkan ni ó kọ́ ọ. Òjò ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣe é, ìyá ń kọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ ń ta á. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, Màmá sọ ohun tó ń fẹ́.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, ìwọ ni kó o ta á fún mi. Lẹ́bàá ihò náà gan-an, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ máa pẹ́ láyé."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá mo máa pẹ́."

Ó bá dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣe ìlérí náà. Kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Tọkàntọkàn ni ó fi sọ ọ́, mo fẹ́ kí ìyẹn yé ọ.

Ó lọ sí Èkó láti wá ibi tí yóò ti lo iṣẹ́ rẹ̀. Iléèwé orin kan gbà á kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn olórin kan tó kó ara wọn jọ pè é kí ó wá bá wọn ṣeré ní gbọ̀ngàn kan. Àga tó ṣófo níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n jókòó sí lọ, àwọn tó jókòó náà sì ń wo fóònù. Ó mọ iṣẹ́ náà gan-an nígbà yẹn. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ pé bí ó bá fa ohùn kan gùn, èèyàn á gbàgbé ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Yàrá rẹ̀ ní Ṣómólú ń jò. Bí òjò bá ti ń rọ̀, sẹ́lò ni yóò gbé sórí ibùsùn, òun á sì nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Níbi tí ó wà yẹn ni ọkùnrin kan ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ọkùnrin yìí jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin kan. Ó ní àwọn mẹ́ta tó ń wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ń lo fayolíìnì, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbé sẹ́lò ṣìkẹrin wọn. Àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n ń pè wọ́n, níbi ìsìnkú, níbi ọjọ́ ìbí, tàbí níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí ilé tuntun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọn jáde, ó ti fi rósìnì ra ọ̀pá rẹ̀ dáadáa kí ó tó kúrò nílé. Kí wọ́n tó wọlé, ọ̀gá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra irun rẹ̀, ó rí ẹbu funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sí balùwẹ̀, ó gbé ọṣẹ lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó fọ̀ ọ́ kúrò. Ọmọ náà rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. Ọ̀gá wá ṣàlàyé fún un. Inú ẹ̀rọ ni orin ti máa jáde. Àwọn kan nílùú òkèèrè ti ta orin náà, wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò ní àṣìṣe kankan. Iṣẹ́ àwọn mẹ́rin yìí ni kí wọ́n jókòó síwájú, kí wọ́n máa fa ọ̀pá lórí okùn tí kò ní dún. Bí rósìnì bá kù lára irun ẹnì kan, tí ohùn rẹ̀ já wọ maikirofóònù, gbogbo wọn ni yóò tẹ́.

Ó bi ọ̀gá pé kí ló dé tí wọn kò kúkú ta á fúnra wọn.

"Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwọn èèyàn ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ta ló máa gbọ́ ẹ?" Ọ̀gá gbá a léjìká pẹ̀lú ìfẹ́. "Ojú ni wọ́n pè wá fún, wọn ò pè wá fún etí."

N kò ní sọ pé èèyàn burúkú ni ọ̀gá yìí. Ó mọ̀ bí a ti ń tọ́jú ẹni tó ń báni ṣiṣẹ́, òótọ́ sì ni ohun tó sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu bàsíà, ó fọ irun ọ̀pá rẹ̀ bí ìyá ti ń fọ orí ọmọ, ó sì fi aṣọ ìnura nù ún. Nígbà tí wọ́n jókòó tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á, kò gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, sẹ́lò ẹlòmíràn sì ń ké kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni.

Kò pinnu láti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ o. Ta ló máa ń jókòó pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó ní. Bí ó bá ti òde dé, á tún fi rósìnì ra irun rẹ̀ kí ó lè ṣe ìdánrawò. Bí òde mìíràn bá sì ń bọ̀, á tún lọ fọ̀ ọ́, á sá a kí ó gbẹ. Irun ẹṣin kò fẹ́ràn omi. Ó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹ̀, ọ̀pá náà sì ń tẹ̀, ẹni tó sì lè tún un nà kò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó wá rò ó pé kí òun kúkú jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí òun máa fi ọ̀pá ọlọ́ṣẹ náà ṣe ìdánrawò nílé. Bí kò bá tilẹ̀ dún, ìka òun á ṣáà máa ṣiṣẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu létí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àwọn ayálégbé yòókù tilẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ilé ti rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìka tí kò sí ẹni tó ń bá a wí a máa ya ìpátá. Bí ó bá tẹ okùn níbi tí kò yẹ, kò sí ohùn burúkú tí yóò ta á lólobó. Ibi tó yẹ kí ó fi ìka mẹ́ta tẹ̀, ó di ẹyọ kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn ń rìn lọ rìn bọ̀ lọ́rùn sẹ́lò bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tó tún yá, kò gbé e jáde nínú àpò rẹ̀ mọ́ àfi bí òde bá wà. Rósìnì rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó gbá a dànù pẹ̀lú pàǹtírí.

Ohun tó wá kọ́ dípò rẹ̀ ni ojú. Ó ra dígí kan tó ga, ó gbé e ti ògiri, ó sì ń jókòó síwájú rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun di ojú, ìgbà tó yẹ kí òun fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọrùn sẹ́lò, àti bí òun ṣe máa mí kanlẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó jókòó síwájú lè rí i. Ó mọ̀ ọ́n débi pé orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tàn. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn èèyàn ńlá ń sọ pé bí ẹni tó ń di ojú kò bá ní sí níbẹ̀, àwọn kò fẹ́ àwọn tó kù.

Níbi ìsìnkú kan, opó olókùú wá bá a lẹ́yìn eré. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, òun kò rí ẹkún sun, àfi ìgbà tí òun gbọ́ sẹ́lò rẹ̀. Ó ń dúpẹ́, omijé rẹ̀ sì ń kán sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ náà kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ bá ọ̀gá pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó jọ̀wọ́ ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó tó lọ. Ó ṣe é, wọ́n yìn ín níbẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ lílọ mọ́. Ìyìn a máa wo irú àìsàn yẹn sàn.

Nígbà náà ni obìnrin kan pè é láti Abẹ́òkúta. Ọmọ àbúrò Màmá Tíṣà ni, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní etí Màmá ti di pátápátá, ẹsẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ó ní Màmá kò fẹ́ dúró de ọjọ́ ìsìnkú mọ́, ó fẹ́ kí ó wá ta orin ọmọ òun lójú òun. Ó ti pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń sọ pé òun ń bọ̀. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ojú tì í. Òde kan ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà Ṣàgámù. Ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀, ó sì wọ mọ́tò Abẹ́òkúta pẹ̀lú sẹ́lò rẹ̀ àti ọ̀pá tó fi ọṣẹ fọ̀ láàárọ̀.

Nínú mọ́tò ni ó ti gbìyànjú láti kùn ún sínú ara rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá. Ó gòkè bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí orin náà ti máa ń yà, kò rí ọ̀nà. Ó padà sẹ́yìn, ó tún gbà á wá, kò tún rí i. Lẹ́yìn náà ni èrò kan wá sí i lọ́kàn pé etí Màmá ti di.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èrò yẹn. Kò dàbí ìkà nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó jọ àánú. Arúgbó ni, kò ní pẹ́ lọ, kí ló dé tí èèyàn fi máa bà á nínú jẹ́? Àwọn èrò tó ń pa èèyàn kì í sábà gbé idà wọlé.

Nígbà tó dé, wọ́n ti gbé Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti rù gan-an. Ó na ọwọ́, ọmọ náà rò pé òun ni ó nà án sí, àṣé sẹ́lò ni. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀. Ó ní kí ó jókòó kí ó máa ta á. Ọmọ àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ó fa ọ̀pá gùn, ó gbọn ìka lórí okùn. Inú yàrá dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ adìẹ tó ń ta ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Obìnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣì ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé àdúrà ni ó ń gbà.

Màmá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ tí làkúrègbé ti ká jọ yẹn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé igi sẹ́lò náà. Bí adití ti ń gbọ́ orin nìyẹn. Igi á máa gbọ̀n, ọwọ́ á sì gbà á. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ títí ọmọ náà fi ṣe tán. Igi náà kò gbọ̀n.

Nígbà tí ọmọ náà la ojú, ọwọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ rí.

"Etí mi ló kú," ni Màmá wí. "Ọwọ́ mi ṣì wà láàyè."

Ọmọ náà gbé sẹ́lò sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀, kò lè gbé orí. Màmá fi ọwọ́ kàn án léjìká kí ó lè wo òun lójú, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá ní, "Ó dáa. Lọ wá rósìnì ra ọ̀pá ẹ."

Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń káàánú rẹ̀ jù. Etí ni ìyá náà kò ní mọ́, ẹnu rẹ̀ wà. Ká ní ọmọ náà mú bébà, tó kọ ọ́ síbẹ̀ fún un pé, "Màmá, mo ti gbàgbé àárín rẹ̀," ìyá náà ì bá gbá ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ní igi, ì bá bú u, ì bá sì la ẹnu kọ ọ́ fún un bó ti kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ìtìjú ọ̀sán kan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rò pé orin náà á padà wá bá òun bí òun bá ti jókòó tì í.

Ó padà sí Èkó. Ó ra rósìnì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò Kérésì ti wọlé, òde wà káàkiri, ọ̀gá sì ti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ẹni tó ń di ojú ń bọ̀. Ọmọ náà ní bí ọdún bá ti yí padà báyìí, òun á sinmi, òun á gbé ọ̀pá náà lọ kí wọ́n tún un nà, òun á sì jókòó ti iṣẹ́ òun. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é pé Màmá ti sùn, kò jí. Rósìnì náà ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á.

Wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn èèyàn dúró yí ihò náà ká, wọ́n fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Wọ́n gbé àga kan fún un lẹ́bàá ibẹ̀ gan-an. Ó ti fi rósìnì ra ọ̀pá rẹ̀ láti àárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Ó fà á, ó sì dún.

Ó dún, ṣùgbọ́n ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀ ohùn ni. Àwọn tó mọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó gbé e láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ó dé ibi tí orin náà ti ń yà, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún gòkè. Kò sí nǹkan kan. Gbogbo wọn ń wò ó. Àwọn tó di ọkọ́ mú ń retí.

Ohun tó wá ṣe, kò rò ó kí ó tó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é fún un. Ojú rẹ̀ dì. Ọ̀pá náà gbéra díẹ̀ kúrò lórí okùn, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, orí rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n. Níbi ihò ìyá náà ni mo ń sọ fún ọ. Àwọn tó dúró lókèèrè rò pé orin náà ti rọlẹ̀ ni, wọ́n tẹ orí ba, ẹkún wọn sì pọ̀ sí i. Nígbà tó gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀.

Ọmọ àbúrò Màmá nìkan ni ó wá bá a nígbà tí àwọn èèyàn túká. Nígbà tí Màmá ń kọ́ ọmọ náà ní orin yìí lọ́jọ́sí, ó ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe olórin, kò lè kọ ọ́. Ó kàn mọ̀ pé kò parí ni.

Ó ní, "Ó kù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Kò sí ibòmíràn láyé tí orin náà wà. Mo gbọ́ pé ó fi ẹgbẹ́ ọ̀gá yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń ṣe ìdánrawò láràárọ̀, ó sì ti ń dára padà. Orin àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ta, èyí tó wà nínú ìwé. Ti ọmọ Màmá, ó ń dé ìdajì, á sì dúró. Wọ́n ní ó ti hun àárín mìíràn fún un láìmọye ìgbà, kò sì sí èyí tó bá a mu nínú wọn.

Ìwọ náà rèé. O ní ìwọ àti ìyàwó rẹ kò bára yín sọ̀rọ̀ nílé mọ́ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti iléèwé àwọn ọmọ lọ. Ìwọ kan náà lo tún sọ fún mi pé kì í ṣe ìjà, pé ẹ ṣì ń jókòó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ ń di ara yín lọ́wọ́ mú tẹ̀rín-tẹ̀rín lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n sì ti fi yín ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ìyẹn. O ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. O ní bí àwọn ọmọ bá ti jáde iléèwé tán, ẹ̀yin méjèèjì á wá jókòó, ẹ ó sì tún un ṣe.

Èmi kò bẹ̀rù pé ẹ máa jà. Ìbá wù mí kí ẹ jà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tí ẹ bá jókòó. O rò pé ẹ gbé ìfẹ́ yín pamọ́ síbì kan, pé ẹ ó bá a níbẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń di ọwọ́ mú lójú àwùjọ yìí, iṣẹ́ kan ni ẹ ń kọ́, ó sì ti ń mọ́ yín lára. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá ń kú lọ, tí èkejì fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, ẹ̀rín ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni yóò yọ sí i lójú, nítorí pé òun nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì mọ̀.

Nítorí náà, má ṣe sọ fún mi pé o ṣì fẹ́ràn ìyàwó rẹ. Èmi kọ́ ni mo bi ọ́. Bí òun bá bi ọ́, má mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Sọ fún un pé o ti gbàgbé, sọ ibi tí o ti gbàgbé dé, kí o sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú rẹ̀. Obìnrin náà wà nílé báyìí, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Dìde, máa lọ.